Ibi Tí A Ti Ń Wo Ẹyẹ Ti Di Iyanrìn

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ̀yin tí mo máa ń kí kí n tó bu omi bọ́jú, ẹ káàárọ̀ o. Mi ò mọ̀ bóyá ilẹ̀ ń mọ́ lọ́dọ̀ yín, mi ò sì mọ̀ bóyá òjò ń rọ̀ níbẹ̀. Tiwa ti bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí, kò sì jọ pé ó fẹ́ dá. Mo jókòó sórí àpótí aṣọ mi, mo gbé bébà lé orúnkún, mò ń kọ̀wé sí ẹni tí kò lè fèsì. Bí ìlà mi bá wọ́, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa ń fi rúlà na ìka mi nítorí ìlà wíwọ́.

Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnì kan. Ẹni tó yẹ kí n sọ ọ́ fún nínú ilé yìí, Délé àbúrò mi, kò sí nílé mọ́. Màá sọ bó ṣe jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ ti fi wá sílẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ lẹ kú. Nígbà tí òjò dé, tí oṣù Júùnù wọlé, mi ò gbèrò àtilọ wo ẹyẹ kankan bí ẹ ti máa ń kó wa lọ lọ́dọọdún. Awò awọ̀nàjíjìn yín wà lórí ìṣó tí ẹ fi kọ́ ọ sí, eruku ti bò ó, mi ò jẹ́ fọwọ́ kàn án. Mo ní ìrìn ẹyẹ ti bá ẹni tó ni ín lọ. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ariwo níta ní àárọ̀ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù. Mo ṣílẹ̀kùn, mo bá àwọn ọmọ iléèwé tí mò ń kọ́ lójúde, wọ́n ti ká ṣòkòtò sókè dé orúnkún. Àlàájà alálùbọ́sà wà níwájú wọn, ó wọ bàtà òjò ọkọ rẹ̀ tó tóbi jù ú lọ.

"Tíṣà, ṣé a ò lọ ni?"

Mo ní, "Àlàájà, ẹ ṣáà mọ̀ pé Bàbá ti kú."

"Mo mọ̀. Ṣebí mo wà níbi ìsìnkú. Àwọn ẹyẹ ńkọ́, àbí àwọn náà kú?"

Mo padà wọlé, mo já awò yín kúrò lórí ìṣó.

Ẹ rántí bí Àlàájà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa lọ? Ewúrẹ́ rẹ̀ ló já wọ àbàtà tó wà lẹ́yìn Ajégúnlẹ̀ tiwa, létí odò Ògùn. Ó ń wá a kiri, ló bá bá gbogbo wa níbi tí a tò sí, tí a dákẹ́ lọ gbári, tí a kọjú sí ibì kan náà. Ó rò pé olè la ń ṣọ́. Ló bá lóṣòó tì wá, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ta ni wọ́n jà lólè?" Ẹ na awò sí i. Nígbà tó rí ẹyẹ apẹja aláró tó jókòó sórí ẹ̀ka, tí ẹja ń jà lẹ́nu rẹ̀, ó kígbe "Subuhánà!" Gbogbo ẹyẹ àbàtà fò lọ. Inú bí yín, ẹ̀rín sì ń pa yín. Kò wá ewúrẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, bí Sátidé inú oṣù Júùnù bá ti tó, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra àlùbọ́sà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jà Mile 12 á dúró dìgbà tó bá ti ibi ẹyẹ dé.

Mo mú páálí ṣúgà dání lọ́jọ́ náà, bí ẹ ti máa ń ṣe. Hóró kọ̀ọ̀kan sábẹ́ ahọ́n kálukú. Òfin yín ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rún un, kó yọ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ṣúgà wà lábẹ́ ahọ́n rẹ̀ kò ní fẹ́ sọ̀rọ̀, kó sì tó yọ́ tán, àwọn ẹyẹ á ti gbàgbé pé ènìyàn wà nítòsí. Gbogbo ọgbọ́n yín nídìí ìrìn ẹyẹ kò ju ìyẹn lọ, mi ò sì rí i kó kùnà rí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé etí àbàtà, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ ṣí fìlà, tí ẹ ó ní, "Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin onílé," kí a tó wọ inú koríko. Ẹ ní a kì í wọ ilé onílé láìkí i. Gbogbo wọn ń wò mí. Mo la ẹnu, mo kí àwọn ẹyẹ. Àlàájà ló dá mi lóhùn. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o," bí ẹni pé òun gan-an lẹyẹ. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú mi.

Mi ò mọ ẹyẹ tó yín. Àwọn ẹ̀gà ti bo ọ̀pẹ tó wà létí omi, wọ́n ń ya imọ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ń hun ilé, wọ́n ń bú ara wọn. Ìyẹn kò le. Ẹlúlùú ń ké nínú igbó, òjò sì tẹ̀lé e, ìyẹn náà kò le. Àwọn ẹyẹ kéékèèké pupa tó ń bẹ́ lórí koríko bí iná ìṣáná ni mi ò rántí orúkọ tí ẹ ń pè wọ́n. Ọmọ kan bi mí, mo ní màá bi Bàbá. Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Mo ń bi yín báyìí: kí lẹ ń pè wọ́n?

A rí ẹyẹ tiwa, ẹyẹ tó ń rìn lórí ewé òṣíbàtà tí kì í rì, tí àwọn ọmọ ń pè ní Ẹlẹ́sẹ̀ gbọọrọ nítorí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gùn bí ìgbálẹ̀. Mo rántí ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ fi hàn mí. Mo ṣì kéré, Délé wà lọ́rùn yín. Ẹ di orí mi mú, ẹ yí i sí ọ̀gangan ibi tí ẹyẹ náà wà. Mo ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ rẹ̀ mà pọ̀ o." Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ ni. Ó gbá wọn mọ́ abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ẹsẹ̀ wọn ń rọ̀ dirodiro. Ẹ ní akọ ni, pé akọ ló ń sàba lé ẹyin wọn, akọ náà ló ń tọ́ ọmọ. Délé bi yín pé níbo ni ìyá wọn wà. Ibi tí wọ́n ti ń bí Délé ni ìyá tiwa ti kú, ẹ̀yin nìkan lẹ ń wẹ̀ wá, tí ẹ ń fi ọwọ́ ọkùnrin di irun mi ní dídì tí kò dọ́gba. Ẹ kàn gbé Délé sọ̀kalẹ̀ láti ọrùn, ẹ gbá a mọ́ra, ẹ sì pẹ́ kí ẹ tó gbé e sílẹ̀. Kí ló wà lọ́kàn yín nígbà náà? Kí ló dé tí mi ò bi yín nígbà tí ẹ ṣì lè dáhùn?

Ọ̀rọ̀ Délé ló gbẹ̀yìn lẹ́nu yín. Ẹ mọ bó ṣe ti ojú ogun dé. Àwọn ṣọ́jà kọ́ ọ ní katapílà wíwà, nígbà tí ogun parí, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ó ń jókòó síwájú ilé wa láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀. Lórí ibùsùn yín, nígbà tí èémí ń gé yín, ohun tí ẹ sọ fún mi ni pé, "Délé o. Ṣé o ó máa bá mi wò ó?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ di ọwọ́ mi mú, ẹ kò fi í sílẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ tún wá kọjá, Délé wọlé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú búrẹ́dì gígùn lábẹ́ apá, ó ń súfèé. Mi ò gbọ́ kó súfèé láti ìgbà tó ti ogun dé.

"Àǹtí mi, mo ríṣẹ́! Katapílà ni wọ́n ní kí n máa wà."

"Níbo?"

"Wọn ò tíì sọ fún wa. Ibikíbi tí wọ́n bá ti ń fi iyanrìn kún ilẹ̀ ni."

A jẹ búrẹ́dì náà tán lórí ìdúró, a ò tilẹ̀ wá ọbẹ̀ sí i. Mo wo fọ́tò yín lára ògiri, mo ní lọ́kàn mi pé, ẹ wò ó, ọmọ yín ti dìde. Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo lè sọ pé inú mi dùn dé ìsàlẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìrìn ẹyẹ ọdún náà, mo lọ yẹ ọ̀nà wò bí ẹ ti máa ń ṣe, kí n lè mọ ibi tí omi ti jìn kí n tó kó ọmọ ọlọ́mọ lọ. Kí n tó dé etí àbàtà ni mo ti ń gbọ́ ohùn tí kì í ṣe ti ẹyẹ. Àwọn típà tò wá láti ọ̀nà Owódé, wọ́n ń da iyanrìn. Katapílà aláwọ̀ ìyeyè kan ń tì í wọ inú omi, ó ń tẹ òṣíbàtà rì. Mo sáré sún mọ́ ọn, mò ń juwọ́ bí wèrè. Ẹni tó wà lórí rẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì, ó tú aṣọ tó fi di imú. Bàbá mi, Délé ni.

Kò wo ojú mi. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ má bínú. Ọjọ́ tí wọ́n kó wa débí ni mo tó mọ̀ pé ibí ni."

"O ò sì sọ fún mi?"

"Kí n ní kí ni? Pé iṣẹ́ tí mo rí, orí àbàtà Bàbá ni?"

"Sọ fún ọ̀gá yín, Délé."

"Kí n sọ fún un pé bàbá mi máa ń wo ẹyẹ níbí?" Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Bí mi ò bá wà á, ẹlòmíì á wà á. Ẹlòmíì ọ̀hún ò sì ní mọ ibi tí ìtẹ́ wọn wà. Èmi mọ̀ ọ́n. Mò ń yà fún un."

Mo wo ilẹ̀, mo rí i pé òótọ́ ló ń sọ. Ó ti ti iyanrìn yí ibi tí òṣíbàtà ti pọ̀ jù ká, ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìfọwọ́kàn, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń gbálẹ̀ tí ó yí ẹni tó sùn ká.

Mo lọ bá ẹnjiníà tó jẹ́ ọ̀gá wọn, ó jókòó sábẹ́ agbòòrùn. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kò pariwo mọ́ mi. Ó ní kí n jókòó. Mo sọ nípa yín fún un, nípa àwọn ọmọ iléèwé, nípa ẹyin tó wà lórí ewé. Ó gbọ́ mi títí dé ìparí.

"Àǹtí, ẹyẹ ní ìyẹ́. Wọ́n á fò lọ síbòmíì."

"Àwọn tó wà nínú ẹyin kò tíì ní ìyẹ́, sà."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ilé ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbí. Ilé tí ènìyàn á máa gbé. Àbí ẹ ò fẹ́ kí ènìyàn rílé gbé l'Ékòó?"

Kí lẹ̀yin ì bá sọ? Mo ti ro ó lórí ibùsùn, mo ti ro ó níwájú bọ́ọ̀dù nínú kíláàsì, mi ò tíì rí èsì.

Nígbà tí Sátidé pé, mo fẹ́ sọ fún wọn pé kò sí ìrìn mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti dé, Àlàájà ti dé, ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin kékeré kan wá tí kò wá rí. Mo kó wọn lọ. Nígbà tí a dé ibẹ̀, iyanrìn ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ohun tó ṣẹ́ kù nínú àbàtà kò tóbi ju pápá iléèwé wa lọ. Ọ̀pẹ àwọn ẹ̀gà ti ṣubú, wọ́n ṣì ń fò yí ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ká, imọ̀ wà lẹ́nu wọn, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa hun ún mọ́. Mo pín ṣúgà. A tò sórí iyanrìn, a kọjú sí òṣíbàtà.

Katapílà ń bọ̀ láti apá kejì. Àlàájà fi ọwọ́ ṣíji bo ojú.

"Tíṣà, ṣé kì í ṣe Délé nìyẹn? Délé ọmọ Bàbá?"

Délé rí wa. Mo mọ̀ pé ó rí wa, nítorí ẹ̀rọ náà dúró lójijì, ẹ́ńjìnnì sì kú. Bàbá mi, ìdákẹ́jẹ́ tó wá bo ibẹ̀, ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú rẹ̀. Délé sọ̀ kalẹ̀. Ó rìn wá, ó dúró sí ìparí ìlà, lẹ́yìn ọmọ tó kéré jù. Ó kàn na ọwọ́ sí mi bó ṣe máa ń nà án sí yín nígbà tó wà ní kékeré. Mo fi hóró ṣúgà kan sí i lọ́wọ́, ọwọ́ tó kún fún gírísì. Ó jù ú sẹ́nu.

A dúró. Ṣúgà ń yọ́. Nígbà tó yá, Ẹlẹ́sẹ̀ gbọọrọ jáde láti inú koríko, ó gbé ẹsẹ̀ lé ewé kan, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rìn lọ síbi ẹyin rẹ̀, ó sì rọra sàba lé wọn. Mo gbé awò fún ọmọ-ọmọ Àlàájà. Mo wo Délé, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Bí mo bá lè dá ayé dúró síbì kan, ibẹ̀ ni ǹ bá dá a dúró sí.

Ẹnjiníà ló sáré dé. Jẹ́jẹ́ tó ń ṣe lọ́jọ́sí ti kúrò lára rẹ̀.

"Who tell you say make you off engine? Ta ló ní kó o sọ̀ kalẹ̀?"

Délé fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bíi ṣọ́jà. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ibi kékeré yìí sílẹ̀ ná. Ẹyin ló wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti pa ọmọ tán, èmi fúnra mi ni màá ti iyanrìn lé e."

"Èwo ni ẹyin? Ṣé ẹyin ló gbà ọ́ síṣẹ́?"

"Ọ̀gá, mo bẹ̀ yín."

"Mú kọ́kọ́rọ́ wá."

Délé mú kọ́kọ́rọ́ jáde nínú àpò. Ó dì í mú díẹ̀. Mo fẹ́ kígbe pé kó má fún un, kó padà sórí ẹ̀rọ rẹ̀, pé ìwọ̀nba tí a rí ti tó. Ó gbé e lé ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá pe ọ̀dọ́kùnrin mìíràn, ìyẹn gòkè, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn.

Mo ní kí àwọn ọmọ kọ ẹ̀yìn sí i. Wọn ò gbọ́. Ẹyẹ náà kò tètè dìde. Ó jókòó lórí ẹyin títí iyanrìn fi dé ìdí ewé, ìgbà náà ló fò, ó yí po lórí wa, ó ń ké, ó wá bà sórí iyanrìn ní ọ̀gangan ibi tí ìtẹ́ wà, ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀. Àlàájà fi ìborùn rẹ̀ bo ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ń bèèrè lábẹ́ aṣọ pé, "Ìyá àgbà, ṣé ó ti rí wọn? Ṣé ó ti rí wọn?" Àlàájà ní, "Á rí wọn, ọmọ mi. Á rí wọn." Ìrìn ẹyẹ wa tó kẹ́yìn nìyẹn.

Délé kò dá mi lẹ́bi. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bínú. Ó ń jáde láràárọ̀ wá iṣẹ́ katapílà, ní Gbàgádà, ní ojú ọ̀nà tuntun tí wọ́n ń là, ibi gbogbo. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀: ẹni tó ń paná ẹ̀rọ nítorí ẹyẹ. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kó máa lọ. Ó padà síwájú ilé, sórí àga rẹ̀ àtijọ́. Oúnjẹ tí mo bá gbé fún un lọ́sàn-án, mo máa bá a nílẹ̀ nírọ̀lẹ́, èèrà á ti bò ó.

Mo bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Délé, jẹun nítorí Bàbá."

Ó ní, "Àǹtí mi, nǹkan kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe láyé yìí náà nìyẹn. Kí ló tún kù tí màá ṣe?"

Ní àárọ̀ kan ó di aṣọ rẹ̀ sínú àpò ṣọ́jà rẹ̀, ó ní òun ń lọ sí Kàdúná, pé ẹnì kan tí àwọn jọ wà lójú ogun ní iṣẹ́ wà níbẹ̀. Mo sìn ín dé gáréèjì Kétu. Kí ó tó wọ mọ́tò, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi gbọọrọ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú ẹrẹ̀. Kò dọ̀bálẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Ó ní, "Bí mo bá débẹ̀, màá ránṣẹ́." Kò ránṣẹ́. Ọyẹ́ ti dé, ọyẹ́ ti lọ. Mo máa ń lọ dúró ní gáréèjì lẹ́yìn iléèwé, màá máa bi àwọn awakọ̀ Òkè Ọya. Wọ́n á ní, báwo ló ṣe rí? Màá ní ó ga, ó dúdú, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n á ní irú wọn pọ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní Délé. Ilé wo ló dé, Bàbá? Ẹ ní kí n máa wò ó. Báwo ni mo ṣe lè máa wo ẹni tí mi ò rí?

Ẹ máa ń bi mí nígbà ayé yín pé ìgbà wo ni màá mú ẹnì kan wá kí yín. Mi ò tíì mú ẹnikẹ́ni wá. Mo kàn ní kí n sọ ọ́, kí ẹ má bàa rò pé mo ti ṣe ìgbéyàwó láìsọ fún yín.

Júùnù tún ti dé. Ní Sátidé àkọ́kọ́, mo jí, mo wẹ̀, mo wọ ṣòkòtò tí mo fi ń wọ àbàtà, mo ká a sókè, mo jókòó. Kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn. Ọ̀sán pọ́n. Mo bọ́ aṣọ náà, mo fọ̀ ọ́, mo sá a.

Òjò ọdún yìí kò rí ibi tó máa lọ. Ibi tó máa ń sùn sí ti di iyanrìn, odò Ògùn náà sì kún dé ẹnu. Ọ̀dọ̀ wa l'Ájégúnlẹ̀ ni omi wá. Ó kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Ó tún wá, ó wọlé, kò padà mọ́. Àwọn aládùúgbò ti kó lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ògiri yàrá yín ti ń yọ́ nísàlẹ̀, ó ń bọ́ sílẹ̀ bí èkuru. Mo kó ìwé yín sórí àjà. Mo wà nínú omi náà bẹ́ẹ̀, mo ń fi bíríkì gbé ibùsùn sókè, títí Àlàájà fi wọ́ omi wá bá mi, tí omi kún inú bàtà òjò rẹ̀.

"Tíṣà, mo ti sọ yàrá kan di tìẹ lọ́dọ̀ mi ní Kétu. Kó ẹrù rẹ."

Mo ní mi ò lè fi yín sílẹ̀, pé ẹ̀gbẹ́ ilé yìí la sin yín sí.

Ó di èjìká mi mú. "Omi ò lè pa òkú, ọmọ mi. Ìwọ ló lè pa. Jáde níbẹ̀!"

Àná ni àwọn ọlọ́mọlanke kó ẹrù àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo wọ́ omi lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé láti dágbére fún yín. Omi náà dúdú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò hàn. Mi ò mọ ibi tí sàréè yín ti bẹ̀rẹ̀ mọ́. Mo bọ́ bàtà, mo ń fi ìka ẹsẹ̀ wá a kiri bí afọ́jú, títí mo fi kan sìmẹ́ńtì. Ó ń yọ̀. Mo gun orí rẹ̀ kí n má bàa tún sọ ọ́ nù. Ẹ forí jì mí. Mo mọ̀ pé a kì í tẹ bàbá ẹni mọ́lẹ̀. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà mọ̀ pé ẹ ṣì wà níbẹ̀ ni. Mo dúró lórí yín títí òtútù fi wọ eegun mi, mo pe orúkọ yín, omi ń gbá mi lórúnkún. Kí ni mò ń retí? Mo sọ̀ kalẹ̀, nígbà tí mo sì bojú wẹ̀yìn, mi ò tún mọ ibẹ̀ mọ́.

Àwọn ọlọ́mọlanke ti padà dé, mò ń gbọ́ ohùn wọn. Àpótí tí mo jókòó lé yìí ló kù. Mo fẹ́ bẹ̀ yín ní nǹkan kan kí n tó dìde. Bí Délé bá ti wà lọ́dọ̀ yín, ẹ gbà á mọ́ra, ẹ fún un lóúnjẹ, ẹ má bi í léèrè ohunkóhun. Bí kò bá sì sí níbẹ̀, ẹ yà wá sójú àlá mi lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ sọ fún mi. Kétu ni ẹ ó ti bá mi, lójúlé Àlàájà alálùbọ́sà, yàrá ẹ̀yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá mi lọ sí Ajégúnlẹ̀. Mi ò ní sí níbẹ̀.

Èmi ni,
Ọmọ yín obìnrin, ẹni tó ṣẹ́ kù.